Ẹ Bi Wá: Nígbà tí Bàbá àgbà àti Ìyá àgbà bá wá lo òpin ọ̀sẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí: àwọn àgbà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, wọn ò ní lọ títí di ọjọ́ Àìkú, ọmọ wẹ́wẹ́ sì kún ilé. A ti mú àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀, ìdáhùn wa nìyí.

Àwọn òbí ọkọ mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ti lé ní ẹni 70 ọdún, eékún sì ń dun Màmá. Ọmọ mẹ́ta la bí: ọdún méje, ọdún mẹ́rin, àti ọdún kan ààbọ̀. Ọkọ mi ti to ètò Sátidé sílẹ̀: ọgbà ẹranko láàárọ̀, ìnáwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, kí a wá kí àwọn ẹbí kiri nírọ̀lẹ́. Ọkàn mi sọ fún mi pé kò ní ṣeé ṣe. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn)

Ọkàn yín kò purọ́. Ẹ mú ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù nílé àti ẹni tó kéré jù ni ó tètè ń rẹ̀, àsìkò kan náà ló sì máa ń rẹ àwọn méjèèjì: láàárín aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tí kò bá sùn lásìkò yẹn yóò máa ké láti aago márùn-ún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sì ní jẹun alẹ́ dáadáa. Màmá tó jókòó sórí àga ike fún wákàtí mẹ́rin níbi ìnáwó, eékún wọn yóò ti le kí wọ́n tó dìde. Ní àsìkò oorun yẹn gan-an ni orin máa ń ròkè jù níbi ìnáwó, tí oúnjẹ kò sì tíì kan tábìlì.

Ọgbà ẹranko ni kí ẹ mú. Ẹ dé ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí oòrùn tó mú, nítorí àwọn ẹranko náà máa ń lọ síbòòji láti sùn tí ilẹ̀ bá gbóná. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kékeré kan dání fún Màmá, omi tó tó, àti ìró kan tí ẹ ó fi pọn àbígbẹ̀yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀. Ẹ má ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé ẹ ó rí gbogbo ẹranko tán. Wákàtí méjì tó. Kí aago méjìlá ká gbogbo yín mọ́lé.

Ní ti ìnáwó, ọkọ yín lè dá lọ yọjú fún wákàtí kan nígbà tí ilé bá ń sùn. Ní ti ẹbí, àwọn ni kí ó wá kí àgbà. Ẹni tó ti jókòó sínú ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í tún wọ ọkọ̀ kiri ìgboro láti kí àbúrò. Ẹ pè wọ́n láti ọjọ́bọ̀ pé aago mẹ́rin sí mẹ́fà ni àyè wà. Ẹ sọ ìgbà tí yóò parí pẹ̀lú, nítorí àlejò tí a kò dá àkókò fún lè wà níbẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án.

Ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó bá ọkọ yín sọ ọ́, nítorí tí àwọn òbí rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, yóò jọ pé ẹ̀ ń tako ó lójú wọn. Ní nǹkan bí ọjọ́rú, ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ pe Màmá, kí ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ìdáhùn tó sábà máa ń wá ni pé, “Àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ rí.”

Mo fẹ́ oúnjẹ kan tí gbogbo ilé lè jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Bàbá jà, eyín wọn ò sì pọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ kì í jẹ ata. Mo se mọ́ínmọ́ín nígbà tí wọ́n wá gbẹ̀yìn, omi dúró lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ sì le. (Òǹkàwé yín, Iléṣà)

Mọ́ínmọ́ín náà ni kí ẹ tún sè. Ó rọ̀ lẹ́nu àgbà, ó rọ̀ lẹ́nu ọmọdé, ẹ sì lè ya ìpín kálukú sọ́tọ̀ kí iyọ̀ àti ata tó wọ̀ ọ́. Oúnjẹ tó gba irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Fún ènìyàn méje, ẹ wọn ẹ̀wà ife mílíìkì mẹ́rin, tàtàṣé ńlá mẹ́ta, rodo méjì, àlùbọ́sà méjì tí kò tóbi jù, òróró tó fẹ́ẹ̀ẹ́ kún ife kan náà, àti omi bí ife mẹ́fà lápapọ̀, pẹ̀lú èyí tí ẹ fi lọ̀ ọ́. Yóò tó ewé méjìlá sí mẹ́rìnlá.

Ẹ rẹ ẹ̀wà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, kí ẹ wá bó o. Iṣẹ́ tó dára fún ọmọ ọdún mẹ́rin sókè nìyí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì: kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ẹ̀wà nínú ọpọ́n omi, èèpo yóò léfòó, àgbà yóò dà á nù, wọn yóò tún bu omi míì sí i títí ẹ̀wà yóò fi funfun. Ibẹ̀ ni Ìyá àgbà ti lè pàlọ́ fún wọn pé, “Òrúkú tindí tindí, Òrúkú tindì tindì, Òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Tí iná bá wà, ẹ gbé ẹ̀wà bíbó náà sínú fìríìjì di àárọ̀. Tí kò bá sí iná, àárọ̀ Sátidé ni kí ẹ bó o, nítorí ẹ̀wà bíbó tó sun inú omi nínú ooru máa ń kan.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ kí omi dúró lókè kí ìsàlẹ̀ sì le. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀wà má kúnná: hóró tó ṣì ṣe ṣákaṣàka yóò rì, omi yóò gòkè. Kí ẹ̀wà bíbó tún wà nínú omi fún bíi wákàtí méjì kí ẹ tó lọ̀ ọ́, yóò kúnná dáadáa. Èkejì ni omi tó pọ̀ jù. Kí ó ṣàn kúrò lórí ṣíbí bí ògì tó ki díẹ̀, kí ó má dì bí ẹ̀wà àkàrà, kí ó má sì ṣàn bí omi. Ẹ̀kẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ kò kà sí, ni pé wọn kì í rò ó mọ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ọn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bù ú sínú ewé ni kí ẹ fi ìgbákọ rò ó dé ìsàlẹ̀.

Ẹ lọ rodo lọ́tọ̀. Tí ẹ bá ti po ẹ̀wà, tàtàṣé, àlùbọ́sà àti òróró pọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀. Ti Bàbá kò ní gba iyọ̀ tàbí màgí rárá. Ẹ fi edé lílọ̀ àti àlùbọ́sà díẹ̀ sí i, adùn yóò wà. Ti àwọn ọmọ gba iyọ̀ fín-ín-fín, kò gba rodo. Ìyókù, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ so òwú mọ́ ewé ti Bàbá kí ó má baà dàpọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí a rẹ́ lórí, àti pé ohun tó wà nínú màgí, búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ wà nínú ìṣirò náà. Màgí fúnra rẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ to igi ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí omi ibẹ̀ jìn tó ìka méjì, kí ó hó kí ẹ tó to mọ́ínmọ́ín sí i. Yóò gbà tó ìṣẹ́jú 50 sí wákàtí kan. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kì í ṣe sórí ewé. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán kí ẹ tó tú u. Èyí tí ẹ bá tú ní gbígbóná fẹlifẹli yóò dà bíi pé kò jinná, ẹ ó sì dá a padà síná láìnídìí.

Ìyá mi máa ń di oògùn wọn sínú ọ̀rá, wọ́n á sì fi sínú báàgì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mi ọdún méjì kì í rí báàgì kí ó má tú u. Ṣé àníyàn mi ò ti pọ̀ jù? (Ìkòròdú)

Kò pọ̀ jù rárá. Nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, èyí ló ń bà wá lẹ́rù jù. Hóró glibenclamide kan ṣoṣo, oògùn àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ àgbà ń lò, lè mú kí súgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún méjì wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú. Ó sì lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó hàn lára ọmọ, nítorí náà ọmọ tó gbé e mì ṣì lè máa ṣeré. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí amlodipine náà léwu bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tún mú un burú sí i, nítorí kò sí orúkọ lára rẹ̀ tí dókítà yóò kà.

Kí ẹ tó gbé oúnjẹ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé oògùn yín síbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó.” Kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ ni ibẹ̀. Orí wọ́dúróòbù kò tó, ọmọdé ń fi àga gùn ún. Ẹ bá wọn ka iye hóró tí wọn yóò lò títí di ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì fi áláàmù sórí fóònù yín, kí ó má baà jẹ́ pé nítorí pé ẹ gbé e kúrò lójú wọn ni wọ́n ṣe gbàgbé láti lò ó. Ìdí tábìlì ni kí wọ́n ti máa lò ó, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí hóró tó bá bọ́ sínú aṣọ ìbora, ọmọ ni yóò rí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe oògùn ní súìtì láti fi tan ọmọ.

Tí ó bá ti gbé e mì: ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ mú páálí oògùn, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má fi ìka wá èébì lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa. A mọ̀ pé epo pupa ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn àgbà, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n epo kò fa oògùn jáde. Tí ọmọ bá bì í, ó lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bákan náà ni fún ọmọ tó mu kẹrosíìnì.

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kí n fún un lómi àti àgbo díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ya aláfojúdi. (Ìyàwó ilé, Òṣogbo)

Ọyàn nìkan ni títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé. Nínú ìdá 100 omi ọyàn, ó lé ní 85 tó jẹ́ omi, ìdí nìyẹn tí òùngbẹ kò fi ń gbẹ ọmọ tó ń mu ọyàn nígbàkígbà tó bá fẹ́, àní nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Omi tí ẹ bá fún un yóò kún ikùn rẹ̀ kékeré, kò ní mu ọyàn tó, ọyàn tí kò bá sì rí ẹni mu ún yóò máa dínkù. Inú omi àti àgbo náà sì ni ìgbẹ́ gbuuru ti sábà máa ń wá.

Ẹ má bá Màmá jiyàn ní pálọ̀. Ọkọ yín ni kí ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, òun nìkan, ní yàrá wọn: “Màmá, wọ́n ní kí a dúró di oṣù mẹ́fà, èmi ni mo ní kí a tẹ̀ lé e.” Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ọmọ wọn jáde kì í ṣe àfojúdi ìyàwó. Tí wọ́n bá tún ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ẹ fún un lọ́yàn lójú wọn, kí ẹ sì fi ìlédìí hàn wọ́n: ọmọ tó tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́ kò ṣaláìní omi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ jù yín lọ sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n wẹ ọmọ, kí wọ́n pọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa kì í ní oríkì láràárọ̀. Ìyá àgbà tí wọ́n gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn ò sì fún un ní nǹkan kan ṣe, ó di dandan kí inú rẹ̀ bàjẹ́.

Fún àwọn tó ṣì ń múra ìsọmọlórúkọ: kí oyin má kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kòkòrò àìrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ìkókó kò lè ṣẹ́gun, tó sì ń mú iṣan ara rọ. Ẹ fi tọ́ ìyá ọmọ lẹ́nu wò, ẹ ṣe àdúrà náà lé ọmọ lórí.

London ni a wà. Ìyá mi wá kí wa láti Èkìtì, wọ́n ní ìjókòó ọmọdé inú ọkọ̀ ń fìyà jẹ ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n fẹ́ gbé e lé ẹsẹ̀.

Ẹ má gbà. Òfin ibẹ̀ ní kí ọmọ máa lo ìjókòó tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Kò sí apá àgbà tó lè di ọmọ mú tí ọkọ̀ bá forí gbárí. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀, kí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, kí wọ́n máa pàlọ́ fún un. Tí òtútù bá wà, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó nípọn kí ẹ tó so bẹ́líìtì, nítorí bẹ́líìtì tó dúró lórí jákẹ́ẹ̀tì kò fún mọ́ra. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó ni kí ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó láti iwájú.

Yàrá méjì péré la ní. Báwo ni a ṣe máa sùn? (Abẹ́òkúta)

Àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ní yàrá kejì, ọmọ ọdún mẹ́fà sókè lórí ẹní. Bẹ́ẹ̀dì tó dára fún àgbà ni èyí tí ẹsẹ̀ wọn yóò tẹ ilẹ̀ dáadáa tí wọ́n bá jókòó sí etí rẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì tí a tẹ́ sílẹ̀ yóò jẹ́ kí wọ́n máa wá ẹni tí yóò fà wọ́n dìde ní òru. Kí tọ́ọ̀ṣì wà níbi orí wọn, kí ẹ sì kó ohun ìṣeré àwọn ọmọ kúrò lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀ kí ẹ tó pa iná. Tí ẹ bá ra nẹ́ẹ̀tì olóògùn tuntun, ẹ nà án sí ibòòji fún ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó sùn lábẹ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà mẹ́fà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kò gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láéláé nítorí òjò tàbí olè. Gáàsì tó ń pa ènìyàn nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀.

Bàbá mi fẹ́ kọ́ ọmọ mi ọdún méje ní ayò, àbúrò rẹ̀ ọdún méjì náà wà níbẹ̀. Ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? (Baba Ọmọ, Ṣakí)

Ohun tó dára gan-an ni Bàbá fẹ́ ṣe yìí. Ọpọ́n ayò ní ilé mẹ́fà lápá kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin ní ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Ẹni tó bá fẹ́ ta yóò kó gbogbo ọmọ tó wà nínú ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀, yóò máa jù wọ́n sínú àwọn ilé tó tẹ̀ lé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, yóò sì yí wọ ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Tí ọmọ tó jù gbẹ̀yìn bá mú kí ilé kan lọ́dọ̀ ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Tí ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá ibẹ̀ náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó tún jẹ ìyẹn, títí yóò fi kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó 25 ló borí.

Kí Bàbá má kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, jíjù nìkan, láìsí jíjẹ, títí ọwọ́ ọmọ kò fi ní máa fo ilé mọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ máa ń ju méjì sí ilé kan láìmọ̀. Ní Sátidé, ẹ fi jíjẹ kún un, kí Bàbá máa bi í kí ó tó ta pé, “Ibo ni èyí tó gbẹ̀yìn yóò bọ́ sí?” Kí ó kà á lójú, kí ó má fọwọ́ kan ọpọ́n. Níbẹ̀ ni ìṣirò wà. Odù, ilé tí ọmọ inú rẹ̀ ti tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a máa ń fo ilé tó ti jáde tí a bá yí i ká, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà míì tí Bàbá bá wá. Kí Bàbá má sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó borí ní gbogbo ìgbà. Ọmọ ọdún méje máa ń mọ̀, kì í sì í dùn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ló gba ìṣọ́ra. Ọmọ ayò kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ó sì ń yọ̀. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun. Àsìkò tí ó bá ń sùn ni kí wọ́n máa ta ayò, lórí tábìlì, kì í ṣe lórí ẹní. Tí nǹkan bá há a tí kò lè ké tàbí wúkọ́, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní àárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀márùn-ún. Tí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sókè ìdodo rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì. Ẹ má fún un lómi, ẹ má sì ti ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ láìrí ohun tó wà níbẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀ tàbí kí ó pe 112 nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Kí ọmọ ọdún méje máa ka ọmọ ayò padà sínú àpò tí wọ́n bá ta tán. Tí ó bá jẹ́ 47, kí gbogbo ilé wá ẹyọ kan tó kù kí àbúrò tó jí.